Àwọn Wo Ló Ń Ti Bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, Àwọn Wo Ló Ń Ṣí I?

Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti òróró ní ọjà Àgbálàtà ní Àgbádárìgì ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Lọ́dún 2019 wọ́n ti bọ́dà, wọ́n ní ìrẹsì wa á pọ̀, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Kò wálẹ̀. Wọ́n ṣí bọ́dà ní ìparí 2020, wọ́n tún ní ìrẹsì kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Lọ́dún 2024, ìjọba mìíràn ní oúnjẹ lè wọlé láìsan owó ibodè, àwa kò rí ẹyọ àpò kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé pọ̀ ní Àbújá. Ṣé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni, àbí wọ́n kàn kórìíra àwa tá a ń gbé lẹ́bàá bọ́dà?”

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ajárá ni ilé mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kò ṣàjèjì sí mi. Ẹ̀ka ètò ìṣúná ìjọba ìpínlẹ̀ kan ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ọ̀nà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà kí ó tó di òfin. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, ìrẹsì nìkan kọ́ ló ń dùn yín. Ẹ wo òfin tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ rí i pé kò bá ìṣirò oníṣòwò kankan mu, ẹ wá pinnu pé àìmọ̀ ni tàbí ìkórìíra. Lójú tèmi, kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Àdéhùn ni òfin ọrọ̀ ajé, láàárín àwọn tó lágbára débi pé ìpàdé kò lè parí láìgbọ́ tẹnu wọn. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, àdéhùn náà á kàn bá a nílé ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àìmọ̀. Epo bẹntiróòlù ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí tirẹ̀ hàn gbangba ju ti ìrẹsì lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2021, ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin tuntun lórí iléeṣẹ́ epo rọ̀bì, òfin náà sì sọ pé ọjà ni kí ó máa pinnu iye tí a ó máa ra epo. Ìyẹn ni pé owó ìrànwọ́ ti tán lórí ìwé. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2022, ìjọba kan náà ní òun ó sún un síwájú ní oṣù 18. Ẹ fi ìka ka oṣù 18 yẹn, ẹ ó rí i pé ó ré ìdìbò oṣù Kejì 2023 kọjá, ó dúró sí ìgbà tí ìjọba mìíràn á ti gorí àga. Nínú ìṣúná 2023, tírílíọ̀nù ₦3.36 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìrànwọ́ epo, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún, láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹfà. Ẹni tó bá lè ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ iye tó ń ná òun, ó mọ ọjọ́ tí yóò parí, ó sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò gba èébú rẹ̀. Ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, lórí pèpéle ìbúra, Tinúbú kéde pé ìrànwọ́ ti lọ, epo tí à ń rà ní nǹkan bí ₦185 sì fo kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ní ọ́fíìsì tiwa, bí kọmíṣọ́nnà bá ní ká kọ àbá wá, ọ̀nà mẹ́ta la máa ń tò sínú rẹ̀: ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ká má ṣe nǹkan kan, àti ohun kan tó wà láàárín méjèèjì. Èyí tó wà láàárín ni wọ́n sábà ń mú. (Ọ̀gá mi kan wà tó jẹ́ pé ohun tó fẹ́ gan-an ló máa ń kọ sí àárín.) Wọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ bi wá pé èló ni yóò mú wọlé. Ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé ta ni yóò pariwo, àti pé ìgbà wo ni ariwo náà yóò bọ́ sí. Èmi kì í fi ìyẹn bú wọn. Ẹni tí a dìbò yàn tí kò béèrè bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lórí àga.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí Sẹ̀mẹ̀, bọ́dà àwa àti Bẹ̀nẹ̀. Ní 7 oṣù Keje 2019, ní Níámè, Bùhárí fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ọjà máa kọjá fàlàlà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Nígbà tó máa fi di 20 oṣù Kẹjọ, wọ́n ti ti bọ́dà. Nígbà tí Talon, ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, bá a sọ ọ́ níbi ìpàdé kan ní Yokohama ní ìparí oṣù náà, fàyàwọ́ ìrẹsì ni Bùhárí fi ṣe ìdí rẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á mọ̀ pé ìrẹsì funfun ni àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ràn, àwa ni à ń jẹ èyí tí wọ́n ti fi omi gbígbóná bọ̀ kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n bọ̀ yẹn ni ọkọ̀ òkun ń já sílẹ̀ ní Kútọ̀nù rẹpẹtẹ, kò sì sí alágbàrù kan ní èbúté náà tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ta ló gbé e lọ sí Kútọ̀nù? Ní oṣù Kìíní 2013, ìjọba wa gbé owó ibodè orí ìrẹsì dé 110%. Àpò tó bá gba Àpápá yóò san ju iye tí wọ́n rà á lọ, ẹni tó bá sì lè gbé e gba Kírékè, lọ́wọ́ Bẹ̀nẹ̀ ní bọ́dà, yóò jèrè ohun tó yẹ kó san. Òfin fúnra rẹ̀ ló sọ fàyàwọ́ di òwò ńlá. Lẹ́yìn náà ni Báǹkì Àpapọ̀ tún kó ìrẹsì mọ́ ọjà 41 tí kò gbọdọ̀ rí dọ́là gbà lọ́dọ̀ wọn, ní oṣù Kẹfà 2015. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, àwọn aṣọ́bodè ní kí ìrẹsì máa gba orí ilẹ̀ wọlé bó bá ti san owó, kí ọdún 2016 tó dé ìdajì wọ́n ní rárá. Ẹ ò rí i pé lílọ bíbọ̀ tí ẹ ń ráhùn rẹ̀ ti wà kí wọ́n tó ti bọ́dà.

Ẹ wá wo àwọn tó ń jàǹfààní. Ní oṣù Kọkànlá 2015, Kebbi ni Bùhárí ti ṣí ètò ẹ̀yáwó fún àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì. Àwọn olówó ńlá kọ́ ẹ̀rọ ìlọ̀rẹsì sí Kánò, sí Kebbi àti ibòmíràn, wọ́n yá owó báǹkì lé e lórí, nítorí ìjọba ti ṣèlérí pé ìrẹsì òkèèrè kò ní wọlé. Bí bọ́dà bá ṣí gbayawu, owó báǹkì yẹn ti wọgbó nìyẹn. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹ́, wọ́n ní agbẹjọ́rò, wọ́n ní nọ́ńbà fóònù mínísítà. Ìbò àwọn àgbẹ̀ àríwá pọ̀, ibẹ̀ sì ni ìbò ààrẹ ọjọ́ náà ti wá jù. Àwọn tó ń pàdánù ń kọ́? Gbogbo ẹni tó ń se ìrẹsì ní Nàìjíríà ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀ ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí àpò kan. Kò sẹ́ni tó máa wọ mọ́tò lọ sí Àbújá torí ìyẹn. Nígbà tí èrè bá kóra jọ sọ́wọ́ àwọn díẹ̀, tí àdánù sì fọ́n ká sórí ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn díẹ̀ yẹn ni yóò borí, yálà ní orílẹ̀-èdè wa tàbí ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ti ń gbèjà àwọn tó ń ṣe ṣúgà láti ìgbà pípẹ́.

Àwa ará ẹ̀bá bọ́dà ni àdánù náà kóra jọ lé lórí ní tiwa, ìyẹn ló fi dà bí ìkórìíra lójú yín. Onímọ́tò, alágbàrù, àwọn tó ń ṣe ìwé ọjà, àwọn ọmọ tó ń ṣẹ́ dọ́là àti sẹ́fà (owó Bẹ̀nẹ̀), gbogbo wọn ló jókòó sílé. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2019, wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo wá sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí bọ́dà. Òfin yẹn gba Àgbádárìgì wọlé. Ẹ rántí ohun tó fà á: epo tí ìjọba fi owó ìrànwọ́ dín owó rẹ̀ kù níbí ń di kpayo, epo fàyàwọ́, lọ́hùn-ún, nínú ìgò létí títì. Ìjọba kò tíì ṣe tán láti fọwọ́ kan ìrànwọ́ epo, nítorí gbogbo orílẹ̀-èdè ni yóò pariwo. Ó wá gé epo fún ìlú wa, tí ariwo rẹ̀ kò lè dé Àgbárá. Ta ló wà nínú ìpàdé tó mọ̀ pé ilé ìwòsàn àti ẹ̀rọ ìlọta wà láàárín kìlómítà 20? Mo fura pé ẹnikẹ́ni kò dárúkọ wa, ní rere tàbí ní búburú.

Ẹ ó ní wọ́n ṣáà ti bọ́dà, kí ló dé tí ìrẹsì kò tán lọ́jà? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, ó gba ojú omi, ó gba ẹ̀yìn ọ̀kadà. Owó tó yẹ kó wọ àpò ìjọba di owó ojú ọ̀nà, láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé Àgbárá, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ lé orí àpò tí ẹ̀ ń rà. Ìdí nìyẹn tí irú òfin báyìí fi ń pẹ́ láyé. Olóṣèlú rí ọ̀rọ̀ sọ pé òun ń gbèjà àgbẹ̀, onílé ẹ̀rọ rí èrè, àwọn tó dúró lójú ọ̀nà rí owó. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà yóò bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jà. Nígbà tí ó sì yí padà, ẹ wo ohun tó yí i. Nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí òwò abẹ́ àdéhùn Níámè yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kìíní 2021 ni wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀, ní 16 oṣù Kejìlá 2020. Ìtìjú lójú àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ṣiṣẹ́ ju igbe Àgbálàtà lọ, wọ́n sì fi ìrẹsì àti adìẹ sẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n ṣí fún, kí àdéhùn ti àwọn onílé ẹ̀rọ má baà bàjẹ́.

Ti ọdún 2024 ló dùn mọ́ mi jù láti ṣàlàyé, torí ẹ̀yin gan-an ni kò rí i. Ní oṣù Keje, ìjọba kéde 150 ọjọ́ tí oúnjẹ yóò fi wọlé láìsan owó ibodè. Ìròyìn dé etí gbogbo ayé. Ìwé ìlànà tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹjọ ni ẹni kan kò kà. Ìrẹsì tí ìwé náà dárúkọ ni èyí tí wọ́n ti bó èèpo ìta rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì lọ̀ di funfun, èyí tí ẹ kò lè tà fún oníbàárà kan. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ kó o gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún 5, kó ti san owó orí rẹ̀ pé, kó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó lè lọ tọ́ọ̀nù 100 lójúmọ́, tó sì ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 4 ó kéré tán. Ẹ rí i báyìí? Ariwo ebi ló mú kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, àwọn onílé ẹ̀rọ sì rí i dájú pé àwọn nìkan ló bá ilẹ̀kùn náà mu. Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣì bínú pé wọ́n ṣí i rárá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó borí nínú òfin kan, ẹ má wo àkọlé rẹ̀, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n kọ pé “ẹni tó bá fẹ́ jàǹfààní gbọ́dọ̀”.

Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà ìdìbò kò gba ẹjọ́ púpọ̀. Ìdìbò 2015 ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni Jonathan gé owó epo láti ₦97 sí ₦87. Owó oṣù tó kéré jù di ₦18,000 ní oṣù Kẹta 2011, ìdìbò wà ní oṣù Kẹrin. Ohun tó bá máa ta èèyàn lára, bí ọ̀wọ́n epo, máa ń dé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà: oṣù Kìíní 2012, oṣù Karùn-ún 2016, oṣù Karùn-ún 2023. Ní oṣù Kìíní 2023 tí ìdìbò ku oṣù kan ni wọ́n ṣí ilé ẹ̀rọ ìrẹsì Imọ̀ta ní Ìkòròdú, ohun tó lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, ó sì dára lójú gan-an. Ibi tí wọ́n á ti rí ìrẹsì tí wọ́n á kó sí i lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti ń gbìn ín jù, kò sí ẹni tó gé tẹ́ẹ́pù sí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni pé ká lé àwọn olóṣèlú lọ, ká fi àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó. A ti ṣe èyí tó sún mọ́ ọn rí. Lọ́dún 1985, Bàbáńgídá, olórí ológun ìgbà náà, ní kí gbogbo ìlú jíròrò bóyá ká yá owó lọ́wọ́ IMF, àjọ tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, ìlú ní rárá, ó gbà lójú ayé. Lọ́dún 1986, àwọn ìlànà tí à ń sá fún wọlé wá lábẹ́ orúkọ mìíràn, náírà wálẹ̀, kò sì sí ìbò tí ẹnikẹ́ni lè fi bá a sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kìíní 2012 ẹ̀wẹ̀, epo fò láti ₦65 sí ₦141, àwọn èèyàn kún Ọ̀jọ́ta láti fẹ̀hónú hàn, ó padà sí ₦97. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń bínú títí dòní pé a ba ètò gidi jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ìṣèlú ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí mẹ̀kúnnù fi lè sọ pé ó ń dun òun. Ẹ tún wo òfin owó orí tí Tinúbú gbé lọ sílé ìgbìmọ̀ ní oṣù Kẹwàá 2024. Àwọn gómìnà àríwá kọ̀ ọ́ torí bí wọ́n ṣe fẹ́ pín owó orí ọjà. Ìjà náà le, ẹnu kò fẹ́ kò. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2025, àwọn gómìnà jókòó, wọ́n gbà pé ìdajì ìpín náà á jẹ́ dọ́gbadọ́gba, 30% á tẹ̀ lé ibi tí wọ́n ti lo ọjà, 20% á tẹ̀ lé iye èèyàn, kí owó orí náà fúnra rẹ̀ sì dúró sí 7.5% dípò kó ga sí i. Òfin náà di fífọwọ́sí ní 26 oṣù Kẹfà 2025. Kò dára tó bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ó lè dúró, nítorí àwọn tó lè dà á rú ti fọwọ́ sí i.

Títì bọ́dà pàápàá ṣe àwọn kan lóore. Àgbẹ̀ tó rí ìrẹsì rẹ̀ tà ní Kebbi lọ́dún yẹn kò ní gbọ́ tèmi. Bí mo bá sì sọ fún yín pé bọ́dà nìkan ló sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, mo ń purọ́. Ìwọ̀n tí owó oúnjẹ fi ń gòkè láàárín ọdún kan jẹ́ 13.17% ní oṣù Kẹjọ 2019, ó di 19.56% ní oṣù Kejìlá 2020. Ṣùgbọ́n àrùn Kòrónà dé láàárín, náírà wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń sá fún àwọn agbébọn lóko. Kò sí onímọ̀ tó lè ya ìpín bọ́dà sọ́tọ̀ nínú wọn kó bura lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí bí a ṣe lè wo ọkàn ààrẹ kan láti mọ èyí tó gbàgbọ́ tọkàntọkàn àti èyí tó ṣe torí ìbò. Ó sábà máa ń jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí lẹ wá fẹ́ ṣe? N kò ní gbà yín níyànjú láti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n lè gba ọjà náà lọ́jọ́ kan, kí gbogbo owó yín bá a lọ. Ẹ lè máa ta ìrẹsì ilẹ̀ wa, èrè rẹ̀ kéré, òkúta ti dín nínú rẹ̀, ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn onílé ẹ̀rọ ń fẹ́ owó ṣáájú. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu mínísítà ra ọjà pamọ́, ẹ dúró de ìwé tí iléeṣẹ́ ìṣúná tàbí àwọn aṣọ́bodè bá gbé jáde, kí ẹ ní kí ọmọ tó mọ̀wé kà á débi tí wọ́n kọ “gbọ́dọ̀” sí. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìdìbò àti ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ìgbà tí ó yẹ kí ẹ yáwó kó ọjà rẹpẹtẹ sílé.

Èyí tó ṣòro jù nínú wọn ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn onírẹsì ní ẹgbẹ́ tiwọn ní Àgbálàtà, àwọn onímọ́tò ní tiwọn, àwọn tó ń ṣe ìwé ọjà ní Sẹ̀mẹ̀ ní tiwọn, Ògù ń ṣe tirẹ̀, Yorùbá ń ṣe tirẹ̀. Àwọn onílé ẹ̀rọ kò ṣe bẹ́ẹ̀ wọ inú ìpàdé. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ má béèrè pé kí wọ́n ṣí bọ́dà fún gbogbo nǹkan, wọn kò ní dáhùn. Ẹ béèrè ohun kékeré tí kò ba tàwọn àgbẹ̀ jẹ́: kí ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró láàárín Sẹ̀mẹ̀ àti Àgbárá dín kù sí iye kan pàtó, kí oníṣòwò kékeré tó ní ìwé lè kó iye ọjà kan kọjá lósẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sójú ewé kan, ẹ to orúkọ àti nọ́ńbà káàdì ìdìbò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e fún aṣòfin tó bá wá tọrọ ìbò fún 2027, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹni tó ń bá a du ipò. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ débi kan, ẹ gbé e wá sí Ajárá, mà á bá yín tò ó.